Mánúà, ọ́tò, CVT àbí háíbíríìdì? Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa gíà kẹ́ ẹ tó ra ọkọ̀ tòkunbọ̀

Tí èèyàn bá fẹ́ ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní Ìwó, iye owó rẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè. Lẹ́yìn náà ló máa kan ẹ́ńjìnnì, táyà àti AC. Tó bá wá kan ọ̀rọ̀ gíà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni: “Ọ́tò ni àbí mánúà?”

Ìbéèrè yẹn ò tó mọ́. Ọkọ̀ méjì lè ní P, R, N àti D kan náà lára ọwọ́ gíà wọn, kí ohun tó wà nísàlẹ̀ wọn má sì jọra rárá. Gíà ọ̀kan lè jẹ́ èyí tí mẹkáníìkì àdúgbò ti tú palẹ̀ láìmọye ìgbà. Ti èkejì lè jẹ́ èyí tó jẹ́ pé tó bá bàjẹ́, odidi rẹ̀ la máa pààrọ̀.

Owó epo tún wá dá kún un. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà kan tí NNPC ń tà ní nǹkan bíi ₦185 kọjá ₦480. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ jẹun ò lè fojú kékeré wo bí ọkọ̀ ṣe ń mu epo mọ́. Irú gíà tó wà nínú ọkọ̀ sì wà lára ohun tó ń pinnu rẹ̀.

Kí ni gíà ń ṣe gan-an?

Ẹ wo ẹ̀rọ ìlọta. Púlì kékeré ló wà lára ẹ́ńjìnnì, púlì ńlá ló wà lára ọlọ, bẹ́líìtì ló so wọ́n pọ̀. Kékeré náà á yí lẹ́ẹ̀mélòó kan kí ńlá tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyẹn tí ọlọ kì í fi í sáré tó ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n tó lágbára débi pé ẹ̀wà ò lè dá a dúró. Tí wọ́n bá fi púlì tó tóbi bákan náà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ọlọ á sáré gan-an, àmọ́ kété tí wọ́n bá da ẹ̀wà sí i, ẹ́ńjìnnì lè kú.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkọ̀. Gíà kìíní dà bíi púlì kékeré tó ń yí ńlá: agbára pọ̀, eré kéré. Gíà karùn-ún ni òdìkejì rẹ̀: eré pọ̀, agbára dín. Ẹ́ńjìnnì tó ń lo bẹntiróòlù kì í lágbára tó bá ń yí jẹ́jẹ́, kò sì lè gbé ọkọ̀ tó kún fún èrò kúrò lójú kan tí gíà ò bá ràn án lọ́wọ́. Gbogbo oríṣi gíà ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹni tó ń yan gíà àti ọ̀nà tó ń gbà yàn án ló yàtọ̀.

Mánúà: awakọ̀ ló ń pàṣẹ

Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot ní Kàdúná, ọdún yẹn náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Èkó. Peugeot 504 àti Volkswagen tí gbogbo ayé ń pè ní Ìjàpá ni ọ̀pọ̀ àgbà awakọ̀ fi kọ́ṣẹ́, mánúà ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Ẹni tó ń gun ọ̀kadà tàbí tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá náà mọ iṣẹ́ kílọ́ọ̀ṣì, ó kàn jẹ́ pé ọwọ́ òsì ló fi ń fà á ni.

Tí awakọ̀ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó ti já ẹ́ńjìnnì kúrò lára gíà nìyẹn. Á yan gíà tó fẹ́, á sì máa jọ̀wọ́ ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí àwo kílọ́ọ̀ṣì á fi lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì padà. Àǹfààní rẹ̀ ò kéré. Awakọ̀ ti rí òkè níwájú kí ọkọ̀ tó dé ibẹ̀, ó lè já gíà sílẹ̀ kí agbára tó tán. Tí bátìrì bá kú, wọ́n lè ti ọkọ̀ náà, kí awakọ̀ fi í sí gíà kejì, kó jí. Títún un ṣe náà ò ṣòro, nítorí ohun tó sábà máa ń jẹ ni àwo kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn sì ṣeé pààrọ̀ láìtú inú gíà fúnra rẹ̀ palẹ̀.

Ẹsẹ̀ òsì ló ń jìyà rẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Àṣà méjì ló sì ń pa kílọ́ọ̀ṣì kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Àkọ́kọ́ ni kí awakọ̀ gbé ẹsẹ̀ lé e ní gbogbo ìgbà bíi pé ibi ìgbẹ́sẹ̀lé ni. Èkejì ni kó máa fi kílọ́ọ̀ṣì di ọkọ̀ mú lórí òkè dípò bíréèkì ọwọ́. Tí òórùn bí ohun tó ń jóná bá ti ń jáde, àwo ló ń jó yẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ tàbí ẹbí ní ìlú Ọba, ẹ rán wọn létí: ẹni tó bá fi ọ́tò ṣe ìdánwò ìwakọ̀ níbẹ̀, ìwé àṣẹ rẹ̀ ò gbà á láyè láti wa mánúà. Ẹni tó fi mánúà ṣe é lè wa méjèèjì.

Ọ́tò: fáànù méjì nínú ọ́ìlì

Iléeṣẹ́ General Motors ní Amẹ́ríkà ló gbé gíà ọ́tò tí àwọn ará ìlú rà lọ́pọ̀ yanturu jáde. Hydra-Matic ni wọ́n pè é, inú ọkọ̀ Oldsmobile ti ọdún 1940 ló sì ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ọ́tò tó wọ́pọ̀ jù ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Tẹ́ ẹ bá gbé fáànù méjì dojú kọra, tẹ́ ẹ tan ọ̀kan, atẹ́gùn rẹ̀ á yí èkejì láìjẹ́ pé ohunkóhun so wọ́n pọ̀. Nínú gíà ọ́tò, ọ́ìlì ló dípò atẹ́gùn. Ẹ́ńjìnnì ń yí fáànù kan, ọ́ìlì ń gbé agbára náà fún èkejì, ìyẹn ń yí gíà. Ohun tó fà á nìyí tí ọkọ̀ ọ́tò fi lè dúró ní D kí ẹ́ńjìnnì má kú, tó sì máa ń rá lọ síwájú fúnra rẹ̀ tẹ́ ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì.

Ó rọ awakọ̀ lọ́rùn, pàápàá ní ibi tí ọjà bá ti kún. Àmọ́ ọ́ìlì ni ẹ̀mí rẹ̀. Tó bá ṣì dáa, pupa ni ọ̀pọ̀ wọn. Tó bá ti pọ́n bíi kọfí, tó ń rùn bí ohun tó jóná, ìjàngbọ̀n ti wọlé. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, inú rédíétọ̀ ni ọ́ìlì gíà ti ń tutù. Tí rédíétọ̀ bá jẹ nínú, omi á wọ inú gíà, kò sì ní í pẹ́ kó tó bà á jẹ́. Nítorí náà, ẹni tó ń fojú pa rédíétọ̀ rẹ́ ń fi owó gíà ṣeré.

Àwọn awakọ̀ kan máa ń yí ọwọ́ gíà sí N tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, pé àwọn ń fi epo pamọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọkọ̀ òde òní, tẹ́ ẹ bá wà ní D tẹ́ ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ máa ń dá epo dúró fún ìgbà díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wà ní N, ẹ́ńjìnnì ní láti máa jó epo kó má bàa kú. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ò ní í bá yín fa ọkọ̀ sẹ́yìn mọ́, bíréèkì nìkan ló kù. Bíréèkì tó bá gbóná jù lè kọ̀ láti múni dúró.

CVT: ọ́tò tí kò ní gíà kìíní, kejì

Orúkọ yìí ló yẹ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀ há sórí. Ẹ jẹ́ ká padà sí ẹ̀rọ ìlọta. Ká ní púlì méjèèjì lè máa fẹ̀, kí wọ́n sì máa sún pọ̀, bí ẹ̀rọ bá ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ. Púlì tó wà lára ẹ́ńjìnnì á kéré nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra, á sì máa tóbi bí eré bá ṣe ń pọ̀ sí i. CVT nìyẹn. Bẹ́líìtì tàbí ṣéènì onírin ló ń yí láàárín púlì méjèèjì, kò sì sí ìgbà tí gíà máa “wọlé” tí ọkọ̀ á ta kìjí.

Iléeṣẹ́ DAF ní ilẹ̀ Netherlands ti fi ọkọ̀ kékeré tó ní irú rẹ̀ han aráyé ní ọdún 1958. Ọ̀kadà kékeré táwọn obìnrin máa ń gùn, èyí tí kò ní gíà, bẹ́líìtì rọ́bà irú èyí náà ló wà nínú rẹ̀.

Lára àwọn tó ti Amẹ́ríkà wọlé, Nissan Murano ní CVT láti ọdún 2003, Altima láti 2007, Rogue láti 2008. Honda Accord onípísítìnì mẹ́rin tí kì í ṣe mánúà ní in láti 2013. Toyota Corolla 2014 ló máa ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ: LE àti S tó jẹ́ ọ́tò, CVT ni, àmọ́ L tó jẹ́ ọ́tò ṣì ń lo ọ́tò àtijọ́ oní gíà mẹ́rin. Ọkọ̀ kan náà, ọdún kan náà, gíà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

CVT ń fi epo pamọ́ nítorí pé ẹ́ńjìnnì lè dúró síbi tí agbára àti epo ti bá ara wọn mu. Ìró rẹ̀ lè kọ́kọ́ ṣàjèjì sí awakọ̀: tẹ́ ẹ bá tẹná gan-an, ẹ́ńjìnnì á ké sókè, á dúró sórí igbe kan náà, eré á sì máa pọ̀ sí i. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́ o.

Ooru àti ẹrù àpọ̀jù ni ọ̀tá rẹ̀. Bẹ́líìtì tó bá yọ̀ lẹ́ẹ̀kan lè họ púlì, púlì tó bá sì ti họ á máa jẹ bẹ́líìtì. Ọ́ìlì tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti ọ́tò àtijọ́, ẹni tó bá sì bu ọ́ìlì ọ́tò sí i ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Àròyé pọ̀ ní Amẹ́ríkà débi pé Nissan fa àkókò ìdánilójú lórí CVT àwọn ọkọ̀ ọdún 2003 sí 2010 gùn di ọdún 10 tàbí 120,000 máìlì. Ọkọ̀ irú ọdún bẹ́ẹ̀ tó bá wà níwájú yín lónìí ti kọjá ìdánilójú yẹn. Àpò yín ni ìdánilójú tó kù.

Háíbíríìdì: ẹ́ńjìnnì àti iná mànàmáná

Toyota Prius, tó jáde ní Japan ní oṣù Kejìlá ọdún 1997, ni háíbíríìdì àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe lọ́pọ̀ fún títà fún ará ìlú. Ẹ́ńjìnnì tó ń lo bẹntiróòlù wà nínú rẹ̀, mọ́tò iná mànàmáná náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú bátìrì ńlá kan. Ẹ ò ní í kì í bọ inú iná NEPA. Ẹ́ńjìnnì ló ń gba agbára sínú bátìrì náà, pẹ̀lú bíréèkì: tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, mọ́tò iná á di jẹnẹrétọ̀, á sọ eré tó yẹ kó ṣòfò di iná.

Nínú Prius àti Camry háíbíríìdì, kò sí kílọ́ọ̀ṣì, kò sí bẹ́líìtì CVT, kò sí fáànù inú ọ́ìlì. Eyín gíà kan tó ń yí po ló so ẹ́ńjìnnì àti mọ́tò iná méjì pọ̀, kọ̀ǹpútà ló sì ń pín iṣẹ́ fún wọn. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí ohun tó lè yọ̀ tàbí tó lè jó níbẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo háíbíríìdì ló rí báyìí. Honda Civic háíbíríìdì ti ọdún 2006 sí 2011, bẹ́líìtì CVT ni tirẹ̀.

Ṣé lóòótọ́ ló ń fi epo pamọ́? Ẹ gbé Toyota Camry 2012 méjì síra wọn, ọ̀kan háíbíríìdì LE, èkejì onípísítìnì mẹ́rin lásán. Gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà fi síta, tẹ́ ẹ bá rin 100 kìlómítà:

- Nínú ìgboro, ti lásán ń mu nǹkan bíi lítà 9.4, háíbíríìdì ń mu 5.5.
- Lójú títì márosẹ̀, ti lásán ń mu 6.7, háíbíríìdì ń mu 6.0.

Ká fi epo sí ₦1,000 fún lítà kan kí ìṣirò lè rọrùn. Nínú ìgboro, ₦3,900 ló máa kù sápò awakọ̀ háíbíríìdì lórí 100 kìlómítà. Lójú títì márosẹ̀, ₦700 péré ni. Ìdí ni pé ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró, tó ń lọ, tó ń dúró, ni bíréèkì ti ń bá bátìrì gba iná. Tasín tó ń ná ọjà àti inú ìlú ló máa jèrè háíbíríìdì jù. Ẹni tó jẹ́ pé Ìwó sí Ìbàdàn gba Lálúpọn ló ń ná lójoojúmọ́ ò gbọ́dọ̀ retí èrè kan náà.

Ewu rẹ̀ wà lọ́dọ̀ bátìrì ńlá náà. Sítátà tí a mọ̀ ò sí nínú Prius àti Camry yìí, bátìrì yẹn ló ń jí ẹ́ńjìnnì. Tó bá kú, ọkọ̀ ò ní í gbéra bí táǹkì bá tiẹ̀ kún fún epo, títì ò sì ràn án. Fáànù kan wà tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, ẹ̀gbẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni ihò rẹ̀ sábà máa ń wà. Tí eruku bá dí i, tàbí tẹ́ ẹ kó àpò gaàrí dí i, ooru á bẹ̀rẹ̀ sí í pa bátìrì. Iná tó wà nínú rẹ̀ ju 200 fóòtì lọ, ó lè pa èèyàn. Wáyà aláwọ̀ ọsàn ni wọ́n fi ṣe àmì rẹ̀. Rewáyà tí kò kọ́ iṣẹ́ háíbíríìdì ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ìkìlọ̀ kan tún wà fún àwọn tó ń gbé ọmọ: háíbíríìdì lè wà ní títàn láì dún rárá. Tí iná READY bá ń tàn níwájú awakọ̀, ọkọ̀ náà ti ṣetán láti lọ, ẹ má fi ọmọdé sílẹ̀ nínú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ń fi ẹ̀yìn rìn ní àdúgbò, ẹ rántí pé ọmọ tó ń ṣeré lẹ́yìn yín lè má gbọ́ ìró yín.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe lójú ọ̀nà

Yíya tírélà: mánúà ń fẹ́ kẹ́ ẹ já gíà sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó yọrí. Ọ́tò á já a fúnra rẹ̀ tẹ́ ẹ bá tẹná wọlé, àmọ́ ó máa ń ronú díẹ̀. CVT lè lọ́ra níbẹ̀rẹ̀ kó tó wá fà. Háíbíríìdì ló ń tètè jẹ́ ìpè jù, nítorí mọ́tò iná kì í dúró de ẹ́ńjìnnì. Èyí tó wù kẹ́ ẹ máa wà, ẹni tí ò tíì mọ àṣà ọkọ̀ rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ya ọkọ̀ níbi tí kò ti rí iwájú.

Gígun òkè pẹ̀lú ẹrù: mánúà àti ọ́tò àtijọ́ ló lè fara dà á jù. CVT lè gbóná, nígbà míì á sì dín agbára rẹ̀ kù láti fi dáàbò bo ara rẹ̀.

Sísọ̀ kalẹ̀: ẹ lo gíà tó kéré lára mánúà. Lára ọ́tò, ẹ lo L tàbí 2, lára CVT ẹ lo L tàbí S, lára Prius ẹ lo B. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì bá bíréèkì ṣiṣẹ́.

Gbígbé ọkọ̀ tó kú: a lè fi okùn fa mánúà tó bá wà ní ńtúrà. Ọ́tò, CVT àti háíbíríìdì tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ iwájú ló ń fà wọ́n, ẹsẹ̀ iwájú náà gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ tàbí kí wọ́n gbé odidi ọkọ̀ sórí ọkọ̀ agbéjẹ̀. Fífà á lórí ilẹ̀ lọ ibi tó jìn lè ba gíà tó dáa jẹ́.

Kẹ́ ẹ tó sanwó

- Ẹ béèrè orúkọ irú gíà náà, kì í ṣe “ọ́tò” lásán. Fi nọ́ńbà ara ọkọ̀ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí kẹ́ ẹ ka ìwé ọkọ̀.
- Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀. Gíà tó ti ń ṣàìsàn lè fara pamọ́ tí wọ́n bá ti mú un gbóná sílẹ̀ dè yín.
- Tẹ bíréèkì, yí i láti P sí R, láti R sí D. Tó bá pẹ́ kó tó mú, tàbí tó ta yín gìjà, ẹ ṣọ́ra.
- Ẹ wà á jìnnà tó 20 ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ gun òkè. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ké tí ọkọ̀ ò sì lọ, gíà ń yọ̀.
- Ẹ yẹ ọ́ìlì gíà wò bí ìwé ọkọ̀ náà bá ṣe ní kẹ́ ẹ ṣe é. Toyota míì ń fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, Honda ń fẹ́ kẹ́ ẹ pa á.
- Tó bá jẹ́ háíbíríìdì, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n fi ẹ̀rọ ka bátìrì rẹ̀ ní ìsọ̀rí ìsọ̀rí, kó sì wo ihò fáànù rẹ̀.
- Ẹ béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì yín kẹ́ ẹ tó rà á, kì í ṣe lẹ́yìn: “Ṣé ẹ lè tún irú gíà yìí ṣe?” Tó bá jẹ́ pé Gate ní Ìbàdàn tàbí Ládípọ̀ ní Èkó la ti máa rí ẹ̀yà rẹ̀, ẹ fi owó ìrìnnà àti ọjọ́ tí ọkọ̀ ò ní í ṣiṣẹ́ kún iye tó ń bọ̀ lọ́rùn yín.

Ẹni tó ń kó ẹrù oko, tí ọ̀nà rẹ̀ sì kún fún kòtò, mánúà ṣì dáa fún un. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ tó ń bọ̀, tí kò fẹ́ ìyọnu, kó wá ọ́tò àtijọ́ tí ọ́ìlì rẹ̀ mọ́. CVT wà fún ẹni tó máa pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò, tí kò sì ní í di ẹrù pa á. Háíbíríìdì wà fún ẹni tí ìgboro ni ibi iṣẹ́ rẹ̀, tó sì ti mọ ẹni tó máa tún un ṣe. Owó tí ọkọ̀ bá bá yín fi pamọ́ nílé epo fún ọdún kan, gíà tó bàjẹ́ lè gbà á padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo.